Oògùn Ẹ̀ẹ̀kan Lọ́sẹ̀

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Ẹ̀yìn Mọ́sálásí,
                                        Barakallahu,
                                        Kaduna.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ilham,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú òjò tí mo gbọ́ pé ó ń rọ̀ ní Ìlọrin láìdá. Ṣé ara Bùọ̀dá Jẹ̀lílì ti le dáadáa? Ilham ńkọ́, ṣé eyín tó ń hù yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara Bàbá le. Èmi náà ń rìn, mo ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé àlàáfíà ni mo wà. Ẹ dákun, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù, kí ẹ sì kà á tán kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí pé láti oṣù kẹfà ni ilé ẹ̀kọ́ ti ní kí àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ tẹkinísíàn oògùn lọ máa fi ọwọ́ ṣe é ní kẹ́míìsì, kí a tó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Bàbá ló bẹ Alhaji Jàmàlúdéènì, ọ̀rẹ́ wọn, tó fi gbà mí sí kẹ́míìsì rẹ̀ ní Tudun Wada. Òfin sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ bíi tèmi kò gbọdọ̀ dá fún ènìyàn lóògùn láìjẹ́ pé apòògùn tó ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Mahmud, tó jẹ́ apòògùn ibẹ̀, kì í wá ju ọjọ́ Tọ́sìdeè àti Sátidé lọ. Ìwé àṣẹ rẹ̀ nìkan ló ń bẹ lára ògiri lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo dákẹ́, nítorí àwọn oníbàárà ń pè mí ní likita bí ẹni pé dókítà ni mí, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀, tí Ọ̀gbẹ́ni Mahmud kò sì sí níbẹ̀, obìnrin aránṣọ kan wá láti Trikania. Harriet ni orúkọ rẹ̀. Oríkèé ìka rẹ̀ ti wú débi pé kò lè di abẹ́rẹ́ mú mọ́. Dókítà kọ oògùn kan fún un, hóró mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Mo ka hóró méjìlélọ́gbọ̀n sínú ọ̀rá. Àǹtí, oògùn yìí kì í ṣe oògùn eré. Bí ènìyàn bá ń lo iye yẹn lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ á bó, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gbẹ lára rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Misis Veronica, olùkọ́ wa, ti sọ ọ́ títí ó fi sú wa pé kí aláìsàn tó kúrò níwájú wa, kí a ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí yóò ṣe lo oògùn fún wa. Mi ò ṣe é. Mo sọ fún un ní Hausa pé sau daya, ẹ̀ẹ̀kan, mo kọ 4 × 1 sára ọ̀rá, ojú mi sì ti wà lára ẹni tó tẹ̀ lé e. Mi ò fi "lọ́sẹ̀" kún un.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo fún un lóògùn náà, tó jẹ́ Túsìdeè, ọkọ rẹ̀ wá. Ó fi ọ̀rá òfìfo náà hàn mí, ó ní oògùn ti tán, òun fẹ́ ra òmíràn, kí n sì bá òun wá nǹkan fún egbò ẹnu, nítorí ìyàwó òun kò lè gbé omi mì mọ́. Oògùn oṣù méjì ti tán ní ọjọ́ mẹ́jọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni mò ń wò lára ọ̀rá yẹn. Mo ní kó má ra nǹkan kan, kó gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba kíákíá. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Nígbà tí mo ròyìn fún Alhaji, ó pè mí sí yàrá inú, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ síwájú mi, ó ní kí n kọ ọ́ pé mo ṣàlàyé yékéyéké fún obìnrin náà, òun ni kò tẹ́tí. Mo ń lọ́ra. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ bínú.

"Hàwáwù, bàbá rẹ ló bẹ̀ mí kí n gbà ẹ́. Ṣé o fẹ́ kí n padà lọ sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti fi oògùn pa ènìyàn?"

Mo buwọ́ lù ú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, Àǹtí: mo buwọ́ lu irọ́.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Oúnjẹ kò lọ. Bí mo bá ń kírun, n kì í mọ rákáà tí mo wà mọ́. Ní àárọ̀ Jímọ̀ mi ò yà sí Tudun Wada, ọsibítù ìjọba náà ni mo lọ, mo ń wọ wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí èkejì títí mo fi rí Harriet. Ètè rẹ̀ ti bó, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tọ́jú fún un. Mo wá dókítà tó wà níbẹ̀ lọ, obìnrin ni, kò ju yín lọ, mo sì sọ orúkọ oògùn náà àti iye tí Harriet lò. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

Mo ní láti Túsìdeè. Ó sáré lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Oògùn tó ń pa agbára èyí tí Harriet lò wà, ṣùgbọ́n bí a bá tètè lò ó ló ń ṣiṣẹ́ jù. Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Tèmi kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ti pọ̀ jù fún Harriet.

Ọkọ rẹ̀ ti dúró sẹ́yìn wa, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bi mí léèrè, "O ní ẹ̀ẹ̀kan, ó sì ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Kí ni ìyàwó mi ṣe tí kò dáa?"

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ bá Misis Veronica, tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan irọ́ tí mo buwọ́ lù. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń bójú tó ilé oògùn wá ti kẹ́míìsì náà pa. Ní Tọ́sìdeè, ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pè mí. Wọ́n ní mi ò ní ṣe ìdánwò lọ́dún yìí, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi mọ̀ bóyá wọ́n máa lé mi pátápátá. Misis Veronica kò gbèjà mi, kò sì bú mi.

Ní Sátidé, Alhaji wá sílé, ó sọ fún Bàbá pé mo ti ba ayé òun jẹ́. Bàbá gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Láti ìgbà náà, bí mo bá sálámà sí wọn wọ́n á dáhùn, ó parí síbẹ̀. Oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú wọn, bí mo ṣe dé e ni mo ń bá a. Ẹ mọ̀ pé wọn kì í pariwo. Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ.

Mo padà sí ọsibítù lánàá. Ọkọ Harriet kò jẹ́ kí n wọlé, mi ò sì bá a jà. Nọ́ọ̀sì kan ló jáde wá bá mi. Ó ní wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀mẹrin, egbò ẹnu rẹ̀ ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ó sì mu ẹ̀kọ gbígbóná ìdajì ife, ṣùgbọ́n dókítà kò tíì sọ pé ó ti bọ́ nínú ewu. Bí ó bá kú, èmi ni mo pa á. Bí ó bá yè, kì í ṣe èmi ni mo mú un yè. Ibi tí mo wà rèé.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá, kí ẹ fẹnu ko Ilham lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi, ẹ sì kí ìyá ọkọ yín. Bí ẹ bá ti ka lẹ́tà yìí tán, ẹ dákun, ẹ pe Bàbá. Kì í ṣe pé kí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé obìnrin náà mu ẹ̀kọ lánàá. Wọn kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

                                        Èmi ni àbúrò yín tí kò mọ ibi tí yóò forí lé,
                                        Hàwáwù.