Òórùn Epo ní Pálọ̀ Wa

                                        Ilé tó kọjú sí ilé búrẹ́dì,
                                        Ọjọ́ Ajé, ní ìrọ̀lẹ́.

Adúmáadán mi, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara Màmá mi le, ara tèmi sì ń yá gágá. Jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu.

O mọ̀ pé òní ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbígbé oògùn kiri fún ọ̀gá apòògùn. Wọ́n ti kìlọ̀ pé bí n kò bá gbé alùpùpù tèmi wá láàárọ̀ yìí, kí n má wulẹ̀ yọjú, ẹlòmíràn ń dúró. Àfi bó ṣe di àná, tí mo ní kí n sáré dé ìkóríta, ni alùpùpù tí kì í yọ mí lẹ́nu bá kú mọ́ mi nídìí! Mo tì í délé, òógùn bò mí. Mẹkáníìkì wa ti rìnrìn àjò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo bá ká apá aṣọ sókè lẹ́yìnkùlé. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo dán an wò, iná ń ta dáadáa. Iná kọ́ ni. Mo tú ìdí kabúrétọ̀ tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí epo jò jáde, ó gbẹ táútáú! Bẹ́ẹ̀ epo ń mì nínú táǹkì. Mo ṣí ìdérí táǹkì pé kí n yọjú wò ó, àfi fùùù! Ó fa atẹ́gùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí nínú omi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo ta á, ó dáhùn! Adúmáadán, mo jó. Mo dé e padà, kò pẹ́, ó tún kú. Ìgbà yẹn ni mo wá yí ìdérí náà wò dáadáa. Ẹnì kan ti ká ọ̀rá sínú ẹ̀, ó dí ihò kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, epo ò sì lè sọ̀ kalẹ̀.

"Màmá, ta ló fi ọ̀rá síbí?"

"Èmi ni o, Ìyàwó Alùpùpù. Ṣebí pálọ̀ lò ń gbé e sùn nítorí olè? Òórùn epo yẹn ti wọ gbogbo aṣọ mi. Mo ní kí n bá ẹ dé e kó le."

Màmá tó ń gbàdúrà kíkankíkan kí iṣẹ́ yìí lè bọ́ sí i! Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ẹ̀rín ló borí, mo sì yọ ọ̀rá náà dànù.

Lónìí, mo gbé oògùn kiri títí, alùpùpù ò húkọ́ rárá. Ọ̀gá ní kí n máa bọ̀ lọ́la! Bí mo ṣe tì í wọ pálọ̀ báyìí, Màmá fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé imú sún mọ́ táǹkì, wọ́n sì fa imú.

"Ó ń rùn," wọ́n ní, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ fọwọ́, kí o wá jẹun."

Bá mi kí ọkọ rẹ àti bàbá, kí o gbé ọmọ jó fún mi. Bí lẹ́tà yìí bá ń rùn, má bínú, ẹ̀gbẹ́ táǹkì ni mo jókòó sí kọ ọ́.

Èmi ni tìrẹ, tọwọ́ tèékánná tó dúdú,
Ìyàwó Alùpùpù.