Ọ̀sẹ̀ Kan ní Sandholme, àti Lẹ́tà Tí N Kò Fún Màmá

17, Òpópónà Belfield,
Rochdale.
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1983.

Avril, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Warren ọkọ rẹ, mo sì kí Robin kékeré tí a kò tíì fojú rí. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí òtútù Kánádà má tíì máa yọ́ kẹ́lẹ́ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Ara tiwa náà le, bí a bá yọ ti ikọ́ tí Janice ọmọ mi gbé bọ̀ láti ibi ìsinmi. Noreen ìyàwó mi ní kí n kí ọ. Màmá wà dáadáa; ọ̀rọ̀ tiwọn gan-an ni mo torí rẹ̀ jókòó ti bírò.

Káàdì tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ láti Sandholme, èyí tí oòrùn ń ràn yọ̀yọ̀ lójú rẹ̀, irọ́ ni. Oòrùn inú àwòrán yẹn nìkan la rí ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n irọ́ kékeré nìyẹn. Irọ́ ńlá kan wà nílẹ̀, mo sì ti kọ ibí yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí mo ń pa á rẹ́. Jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́. Lẹ́tà tí o kọ sí Màmá ní oṣù kejì, tí o fi sínú àpòòwé kan náà pẹ̀lú tèmi, tí o ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín, n kò fún wọn. Ìsàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ mi ni mo fi í sí. Mo kọ̀wé sí ọ pé Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, pé àwọn kò lè wọ bàálù. Ẹsẹ̀ kankan kò dun Màmá. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé o pè wọ́n.

N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ara mi. Láti ìgbà tí Dádì ti kú tí Màmá kó wá sọ́dọ̀ wa, ìró bàtà wọn nínú ilé ìdáná láàárọ̀ ló ń jí mi. Mo rò pé bí wọ́n bá lọ, wọn kò ní padà mọ́. O mọ̀ mí. Ìwọ lo kàwé, ìwọ lo rìn jìnnà. Èmi ni mo dúró sílé, dídúró yẹn nìkan ni mo sì lè fi yangàn. Mo wá ro ọgbọ́n kan, bí a bá lè pè é ní ọgbọ́n: kí n mú Màmá lọ síbi ìsinmi kan tí yóò dùn mọ́ wọn débi pé, bí mo bá wá gbé lẹ́tà rẹ kalẹ̀, wọ́n á fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn kò lọ ibì kankan.

O kò lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ ìsinmi àwọn ilé iṣẹ́ òwú, tí gbogbo Rochdale máa ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan náà, tí gbogbo wa á sì dà sí etíkun bí ẹni tí iná lé jáde. Ẹni tó bá fẹ́ yàrá gidi, láti oṣù kìn-ín-ní ló ti ń gbà á sílẹ̀. Èmi ń ṣe iyè méjì títí oṣù keje fi dé. Sandholme, àgọ́ ìsinmi kan létí òkun, nìkan ló ṣẹ́kù, ó sì pọ́ọ̀kú. Ó yẹ kí n ti bi ara mi léèrè ìdí tó fi ṣẹ́kù.

Ahéré onípákó kan ni wọ́n fún wa. Ògiri rẹ̀ rin, ó sì ti bu débi pé Janice fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Ibùsùn Màmá tẹ̀ láàárín. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, orí àti ẹsẹ̀ nìkan là ń rí. Adágún tó yẹ kí àwọn ọmọdé máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ti gbẹ, àga tó kán ni wọ́n kó kún inú rẹ̀. Sọ́séèjì àti ẹ̀wà agolo láàárọ̀, ẹ̀wà agolo àti sọ́séèjì ní ìrọ̀lẹ́. Bí aago méje bá ti lù, gbohùngbohùn orí òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé kí a jí, ojú ọjọ́ dára, òjò á sì máa rọ̀ lé gbohùngbohùn náà lórí. Bí mo ṣe ń bínú ni Màmá ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Gerald, fara balẹ̀. Ṣé ìwọ lo rọ òjò ni?" Èmi kọ́ o, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi pé èmi ni.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo rí ìwé ìdíje Ìyá Àgbà Arẹwà lára ògiri ilé oúnjẹ. Mo ní ohun tí yóò dùn mọ́ wọn rè é. Mo kọ orúkọ Màmá sílẹ̀, n kò bi wọ́n. Noreen wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "O kò bi ìyá rẹ?" Mo ní mo fẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu ni. Ó ní, "Á yà wọ́n lẹ́nu. Ṣáà má sá sẹ́yìn mi tó bá yá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbohùngbohùn ké orúkọ wọn fún gbogbo àgọ́ gbọ́: Hilda Tattersall, ahéré kẹtàlélógójì, kí ó wá sí gbọ̀ngàn ní aago méjì. Màmá gbé ife tíì wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé Hilda mìíràn tún wà nínú ahéré yìí ni, àbí èmi ni wọ́n ń pè ní arẹwà?" Mo rò pé wọn kò ní lọ. Wọ́n lọ. Kóòtù òjò Dádì ni wọ́n wọ̀, torí tiwọn kò tíì gbẹ.

Olóòtú ètò náà, ọmọ tí kò tíì ju ọdún méjìlélógún lọ, béèrè àṣírí ẹwà wọn. Màmá ní, "Òjò ni. Láti Sátidé ni ẹ ti rẹ mí sínú rẹ̀." Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, Avril. Mo rò pé ọgbọ́n mi ti ṣiṣẹ́. Ó tún wá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jù láyé. Màmá ní, "Mo fẹ́ gbé ọmọ ọmọbìnrin mi kó tó wúwo jù fún mi. Kánádà ni wọ́n wà. Ìyá rẹ̀ kò tíì pè mí wá sọ́dọ̀ wọn rí, ṣùgbọ́n n kò dá a lẹ́bi, ọwọ́ rẹ̀ dí." Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Èmi kò lè gbé ọwọ́ mi.

Màmá ṣe ipò kejì, wọ́n fún wọn ní páálí ọṣẹ. Ẹ̀bùn ẹni tó ṣe ipò kìíní ni ọ̀sẹ̀ kan sí i ní Sandholme, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ obìnrin náà dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, kí la fi ṣẹ̀ yín?" Ẹ̀rín tí gbogbo gbọ̀ngàn bú sí ni mo fi bojú tí mo fi mú Màmá jáde.

Abẹ́ òrùlé kékeré kan tó kọjú sí òkun la jókòó sí, atẹ́gùn ń fẹ́ wa lójú, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Màmá kò pariwo. Wọ́n béèrè oṣù tí lẹ́tà dé. Mo ní oṣù kejì. Wọ́n fi ìka kà á. Wọ́n ní, "Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń bínú sínú sí ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Gerald, ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni ọ́, o sì tún di aṣọ mi mú bí ọjọ́ tí mo mú ọ lọ sílé ìwé." Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn ṣì ń ronú sí i. Odindi ọjọ́ kan ààbọ̀ ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Tábìlì kan náà la jókòó sí, wọ́n á ní, "Janice, sọ fún bàbá rẹ kó na iyọ̀ sí mi." Ọmọ á ní, "Dádì, màmá àgbà ní kí ẹ na iyọ̀." Mo ń nà án.

Bí a ṣe wọlé ní Sátidé, kí n tó bọ́ kóòtù, mo gbé lẹ́tà náà fún wọn. Orí ìdúró ni wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé ìdáná. Ìpinnu wọn rè é bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Àwọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ ní oṣù kẹwàá, àwọn á wà níbẹ̀ títí òtútù á fi lọ. Bóyá àwọn á padà, bóyá àwọn kò ní padà, àwọn ni yóò sọ ọ́, kì í ṣe Gerald, kì í ṣe Avril. Mo sọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n bù tíì fún mi.

Bí o bá bínú sí mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: má fi èsì ránṣẹ́ sí èmi. Kọ ọ́ sí Màmá, kọ orúkọ wọn gàdàgbà sí iwájú àpòòwé.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ. Kí Robin dàgbà nínú ìlera, kó mọ ọwọ́ ìyá ìyá rẹ̀ lára. Kí ohun tí mo bàjẹ́ láàárín wa má kọjá àtúnṣe.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ṣẹ̀ ọ́,
Gerald.

Àfikún: Mo ti sọ fún Màmá pé láti ìsinsìnyí àwọn ni kí wọ́n máa gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílẹ́tà. N kò tíì fi èyí ránṣẹ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ òní, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ya irun, wọ́n ń dúró de onílẹ́tà.