Táńkì Tí Ọmọ Mi Fi Iyanrìn Fọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le? Àwa náà ń bẹ, ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀. Irin ò ní ṣe ọ́ léṣe, atẹ́gùn ẹ̀rọ ò ní gbé ọ ṣubú.

Inú mi ń dùn gidigidi. Láti Sátidé tí o ti gbé ẹ̀rọ wá, tí o wọ ìbòjú bí ẹni fẹ́ lọ bá oyin jà, tí o fọ́n iyanrìn sára táńkì omi wa títí ìpẹtà ogún ọdún fi ṣí dànù, àlejò ò yé wọlé. Ó funfun bí eyín ọmọdé. Gbogbo wọn ló ń fọwọ́ pa á lára.

O sọ fún mi kí o tó lọ pé, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án o, kí akunlé kùn ún kílẹ̀ tó ṣú." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí akunlé dé, mo ní kó máa lọ ná. Mo wá fi omi àti ọṣẹ fọ táńkì kó lè túbọ̀ mọ́, mo gbé fóònù sí i lẹ́nu, mo fi igi lù ú kí o gbọ́ bó ṣe ń dún. N ò tẹ nọ́ńbà kankan, mo gbà pé fóònù mọ ọmọ mi. Ọ̀dà ò ṣòfò, a fi kun ilé ewúrẹ́. Iyanrìn rẹ náà, mo ti gbá a jọ, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, àpò mẹ́rin, kí o má máa ra tuntun.

Àfi bílẹ̀ ṣe mọ́ tí táńkì ti pọ́n fún ìpẹtà tuntun! Gbogbo ọwọ́ tó kàn án ló hàn níbẹ̀, ti télọ̀ òdìkejì, ti ẹ̀gbọ́n rẹ, tèmi ló tóbi jù. Akunlé ní èmi ni mo bà á jẹ́, òótọ́ ló sọ.

Má bínú. Ọ́fíìsì ni mo máa ń sọ fáráyé tẹ́lẹ̀ pé o ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì pè mí ní Bàbá Oníyanrìn, ìjà ni. Sátidé ni mo kọ́kọ́ fẹnu ara mi sọ pé ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ mi obìnrin. Bí wọ́n bá kùn ún, ọ̀dà nìkan ni wọn ó máa rí. Ìdí tí mo fi lé akunlé nìyẹn.

Òjò ti ń ṣú. Jọ̀ọ́, wá tún un fọ̀, kí o fi owó ọ̀dà gálọ́ọ̀nù méjì ránṣẹ́, kí o fi ti oògùn ẹsẹ̀ ìyá rẹ lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, n ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ tó ń tún irin ṣe, kò ní rọ láéláé.

Èmi ni,
Bàbá Oníyanrìn.