Ọpọlọ Ẹ̀rọ fún Fíríìjì Ìyá

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹwàá, 1978
Iná lọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó dé, fíríìjì tutù padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ta ló máa mọ̀ bí ooru bá ti ba oògùn ìtọ̀ ṣúgà Ìyá jẹ́? Mo ní ká dà á nù. Ìyá ní ta ló ń da oògùn tí kò tíì tán nù? Màá kan àpótí kan tí yóò máa ké bí inú fíríìjì bá ti gbóná.

Ọjọ́rú, 4
Ọpọlọ ẹ̀rọ méjì, ẹ̀yà kékeré tí yóò máa ronú fún àpótí náà: ọ̀kan ni màá yàn. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Wọ̀bìà yára, ó wà nílẹ̀, èmi àti Essa tá a jọ ń tún rédíò ṣe ní ọjà Albert Market sì mọ̀ ọ́n lò. Àmọ́ ó ń jẹ iná! Aláàwẹ̀ lọ́ra, mi ò tíì mọ̀ ọ́n lò, ìlú òyìnbó ni yóò ti wá — bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán sì tó o.

Essa ní ká fi Wọ̀bìà ṣe é kíá, ká so bátìrì ọkọ̀ mọ́ ọn. Tí bátìrì bá kú ńkọ́? Ó ní àṣejù mi pọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6
Mo kọ̀wé ra Aláàwẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Iná tún lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí. Òùngbẹ ń gbẹ Ìyá ṣáá. Kàfáyàt ìyàwó mi ní ká lo ti Essa ná. Mo jágbe mọ́ ọn. Ìyá ní kí n rọra, sùúrù ni baba ìwà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24
Aláàwẹ̀ dé. Dúdú, kékeré, ẹsẹ̀ rẹpẹtẹ bíi ti ọ̀kùn. Inú mi dùn, mo gbàgbé oúnjẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 27
Ìyá ò lè dìde kírun. A gbé e kọjá afárá Denton Bridge lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Isatou ní oògùn tó ń gún ti bàjẹ́ tipẹ́, bí omi lásán ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Ìyá ti lọ. A sin ín lẹ́yìn ìrun Àsárì. Essa wá, kò ní “Ṣebí mo sọ fún ọ.” Ìbá kúkú sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kọkànlá
Mo parí àpótí náà. Kàfáyàt ní ta la ṣe é fún? Mo gbé e sínú fíríìjì.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Iná lọ lọ́sàn-án. Nígbà tó ṣe, Aláàwẹ̀ ké — ó ké dáadáa. Kàfáyàt ju abọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń pariwo, “Oògùn Ìyá!” Èmi náà ti sáré dé ibẹ̀. Ó ṣí fíríìjì. Yàtọ̀ sí àpótí náà, omi mímu nìkan ló wà níbẹ̀. A kàn dúró, àpótí ń ké, kò sẹ́ni tó lè pa á nínú àwa méjèèjì.