Bí Okùn Kànga Ṣe Gùn Tó

Taqiyya, ìyàwó mi àtàtà,

Koko lara mi le ní ìlú Jizan níbí tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Yahya tí a jọ ń gbé ló ń bá mi kọ̀wé yìí; ọwọ́ mi kàn ń sinmi díẹ̀ ni.

O ní látìgbà tí gbogbo abúlé ti ń fi oòrùn fa omi, ẹ̀rọ kì í dákẹ́ mọ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn! Ọ̀wọ́n epo dísù tí ẹ̀rọ ń mu ló ń jẹ́ kí kànga sinmi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, "Ṣé oòrùn ń gbowó lọ́wọ́ ẹ ni, ojo?" Ẹ máa pa ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án, kí kànga má baà gbẹ, jọ̀ọ́.

Ojoojúmọ́ lo ń sọ pé omi wà. Ju okùn sí kànga, kí o sọ bó ṣe gùn tó kó tó kan omi.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Ọwọ́ mi wà, bí o ṣe ń sọ pé omi yín wà.

Mus'id