Omi Orí Àpáta Ò Sí Nínú Ìwé Náà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Bí wọ́n bá da nǹkan sínú omi mi fún ire mi, tí wọn ò bi mí, ṣé ire náà ṣì ni? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun. Aago méjì ti kọjá. Mo dìde, mo tan iná orí tábìlì.

Káńsù fẹ́ máa fi fulóráìdì sínú omi ẹ̀rọ gbogbo ìlú — ohun kan náà tó wà nínú ọṣẹ ìfọyín, tí kì í jẹ́ kí eyín dihò. Àwa méje ni wọ́n fi ṣe ìgbìmọ̀ tí yóò gbọ́ tẹnu ará ìlú, tí yóò sì kọ àbọ̀. Wọ́n ní èmi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí mo ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélógún kí n tó fẹ̀yìntì, àwọn èèyàn sì gbà mí gbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn lẹ fi tì, ẹ ò fi ẹnu tì."

Mo ti ka ìwé mẹ́rin lórí ọ̀rọ̀ náà. Méjì ní ó dára. Méjì ní kò dára tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Kò sí ọ̀kan tó pariwo nínú wọn. Ìta ni ariwo wà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ìpàdé àkọ́kọ́. Orí ń fọ́ mi.

Dókítà eléyín ni alága. Aṣọ funfun, ohùn ẹni tí kò tíì ṣàṣìṣe rí láyé. Ó ní sáyẹ́ǹsì ti parí ọ̀rọ̀ yìí, pé a kàn ń ṣèpàdé ká lè sọ pé a ṣèpàdé ni. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, lójú gbogbo wa!

Ọkùnrin kan tí mo sọ ní Gbohùngbohùn ló ń ṣojú àwọn tí kò fẹ́. Iwájú mi ló jókòó sí. Omi inú ike ló ń tà. Ó so ẹ̀rọ ńlá kan mọ́ orí ọkọ̀ rẹ̀, ó ń fi í kígbe kiri àdúgbò: "Wọ́n fẹ́ sọ ọmọ yín di dìndìnrìn!" Mo bi í pé ike omi mélòó ló ti tà látìgbà tó ti ń kígbe. Ó ní, "Háà, Ìyá, ẹ̀yin náà! Ẹ má kó mi láyà jẹ." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìbẹ̀rù òbí tajà. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kí n má bèèrè.

Obìnrin kan wá láti ilé iṣẹ́ omi, á tó ẹni ogójì ọdún. Òun ló ń ṣe àyẹ̀wò omi. Ó gbé ìwé sókè bo ẹnu, ó ń ka èsì rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé, a ò gbọ́ ìdajì. Nígbà tí akọ̀wé ṣàwàdà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kó tó rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ ní Afọwọ́bonu.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà

Gbohùngbohùn kọjá lójú pópó wa ní aago mẹ́fà àárọ̀. Kí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìwé pélébé ìjọba lórí oúnjẹ ti dé: ohun tó yẹ kí ọmọ máa jẹ, ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ. Wọ́n ní kí n bá wọn wo àmì orí ọ̀rọ̀. Ojú ìwé kẹta: ẹ má fún ọmọ ní ohun mímu aládùn, omi ni kí ẹ fún un, ife mẹ́fà lójúmọ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Mo tún àmì mẹ́sàn-án ṣe, mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, lọ́sàn-án èmi àti dókítà lọ pín in ní àdúgbò orí àpáta, lẹ́yìn ilé ìwé mi àtijọ́. Kànga ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu níbẹ̀, káńsù ló gbẹ́ ẹ, ó ti lé lógójì ọdún. Eyín àwọn ọmọ ibẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí irin tó dípẹtà, bó ṣe wà láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Dókítà sọ ọ́ sí mi létí: "Ẹ ò rí i? Wọn kì í fọ eyín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá kan ní látìgbà tí òun ti lóyún ni nọ́ọ̀sì ti ń fún òun ní irú ìwé yìí, pé òun ń tẹ̀ lé e, omi ṣáá ni ọmọ òun ń mu, kò mọ ohun aládùn. Eyín ọmọ rẹ̀ ló pọ́n jù. Nínú ọkàn mi, mo ní: irọ́ lò ń pa, arábìnrin.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Kí n kọ eléyìí bó ṣe lọ, kí n tó gbàgbé. Bí ẹni pé mo lè gbàgbé.

Láàárọ̀, mo ń ka ìwé èsì omi. Ibi márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ibi mẹ́fà ni ìlú ti ń pọnmi. Ti orí àpáta ò sí. Mo pe akọ̀wé lórí fóònù. Ó ní bóyá àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló fò ó. Mo wọ bàtà, mo gba ilé iṣẹ́ omi lọ.

Yàrá àyẹ̀wò: tábìlì gígùn, àwọn ìgò kéékèèké lórí ìlà, bébà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afọwọ́bonu nìkan ló wà níbẹ̀. Mo bi í nípa ti orí àpáta. Ó kọ́kọ́ lọ ti ilẹ̀kùn.

Ó ní fulóráìdì ti wà nínú omi yẹn tipẹ́tipẹ́. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló dà á sí i. Inú òkúta ló ti ń yọ́ sínú omi. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tí káńsù fẹ́ fi sínú omi ìlú. Pé díẹ̀ rẹ̀ ń dáàbò bo eyín, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù nígbà tí eyín ọmọ ṣì ń gbára jọ, á ti bà á jẹ́ kó tó hù. Pé kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè fọ̀ ọ́ kúrò. Pé òun ti kọ ọ́ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, pé ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n yọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Rúsúrúsú.

"Ẹ ò dá mi mọ̀, mà."

Mi ò dá a mọ̀. Ó rán mi létí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka èsì omi. Kíláàsì kẹrin. Àyẹ̀wò eyín ní àárọ̀ Ajé, èmi pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Mo mú un jáde síwájú, mo ní kí gbogbo ilé ìwé pè é ní ọ̀bùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ó délé, ó fi iyanrìn fọ eyín títí ẹ̀jẹ̀ fi dà. Ìyá rẹ̀ tún nà án lé e, torí ó dójú ti ilé wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀bùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Èmi ni mo dá a fún wọn, tí wọ́n ń gbè é.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ. Sí ta ni? Mo fi dókítà bẹ̀rẹ̀, mo fi káńsù tẹ̀ lé e, mo yí i ká títí mo fi padà dé ọ̀dọ̀ ara mi. Ọdún mọ́kànlélógún. Àwọn ọmọ àdúgbò kan ṣoṣo, ọdọọdún, àwọ̀ kan náà. Mo ka ìwé nípa ìràwọ̀, mo ka ìwé nípa ìrìn àwọn ẹyẹ, mi ò bi ara mi lẹ́ẹ̀kan péré pé kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn nìkan. Èmi tí mo ń pe ara mi ní oníbèéèrè!

Èyí tó wá ń jó mi lára jù: ife mẹ́fà lójúmọ́. Ìyá yẹn ò parọ́. Bó ṣe ń gbọ́ràn sí ìwé ìjọba tó ni eyín ọmọ rẹ̀ ṣe ń bàjẹ́ tó. Ìwé tí mo bá wọn tún àmì rẹ̀ ṣe.

Mo lọ sílé obìnrin náà. Mi ò ní pè é ní Afọwọ́bonu mọ́. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá mi lápá mú. "Ẹ dìde, mà, mi ò tíì gbálẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ yín ṣe? Ṣé ó ń fọ eyín ni?" Ó rẹ́rìn-ín, kò bo ẹnu. Ó ní àwọn ọmọdé mu omi yẹn láàárọ̀ yìí, wọ́n á tún mu ún lọ́la. Pé àwọn tí eyín wọn kò tíì hù ṣì wà tí a lè gbà sílẹ̀. Ìyẹn ni kí n lọ fi orí mi rò. Ó fún mi ní ẹ̀dà èsì náà. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun o. Iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ ọmọ méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo tẹ́ èsì náà sórí tábìlì ìgbìmọ̀. Mo ní kí wọ́n má bi mí bó ṣe dé ọwọ́ mi.

Dókítà ò tilẹ̀ wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní tí a bá mú eléyìí jáde báyìí, Gbohùngbohùn á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ kárí ìlú, ètò náà á sì dàrú. Kí á dìbò ná, kí omi ìlú bọ́ sípò, lẹ́yìn náà a ó wá bojú wo ti orí àpáta.

Ó mọ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀! Lọ́jọ́ tó sọ ọ́ sí mi létí pé wọn kì í fọ eyín, ó ti mọ̀. Mo bi í pé ó ti tó ọdún mélòó. Ó ní, "Mọ̀mí, ẹ má jẹ́ ká bínú." Ká bínú! Àwa wo? Èmi nìkan ni inú ń bí nínú yàrá yẹn. Mi ò buwọ́ lu àbọ̀ wọn.

Ohun tó ń gún mi lọ́kàn ni pé mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí omi ìlú. Ìwọ̀n kékeré, tí èèyàn ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣọ́ ọ? Òun?

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Ìpàdé gbogbo ìlú, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Mo dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ — ìwọ̀n tó kéré, ìwọ̀n tó pọ̀ jù, kànga orí àpáta, pàṣán, ọ̀bùn. Nígbà tí mo dé orí ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Mo rò pé wọ́n gbọ́.

Gbohùngbohùn ló kọ́kọ́ fò dìde. Ó dì mọ́ mi! Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá wa o!" Òórùn ìpara irun rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Ohùn mi wà lórí ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti gbà á sílẹ̀. "Fulóráìdì ló ba eyín wọn jẹ́" — ibẹ̀ ló gé e sí. "Torí pé ó pọ̀ jù" ti bọ́ sọnù. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, ohùn tèmi, lójú pópó tèmi. Àbúrò mi ò ṣàwàdà kankan. Ó kàn ti fèrèsé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Káńsù ti fagi lé e. Kò ní sí fulóráìdì nínú omi ẹ̀rọ. Wọ́n ti tú ìgbìmọ̀ ká. Lẹ́tà ìdúpẹ́ dé, wọ́n ṣi orúkọ mi kọ. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ra wọn ní títì. Àwọn ará orí àpáta gan-an ń jó — wọ́n ń jó yí ẹnu kànga ká! Mo fi ojú mi rí obìnrin kan tó ń bu omi náà fún ọmọ ọwọ́ mu, inú rẹ̀ ń dùn pé tiwọn mọ́, pé nǹkan yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ àwọn láéláé.

Mo lọ bá Gbohùngbohùn ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní, orí àpáta ńkọ́? Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Ìyá, ìyẹn ti Ọlọ́run ni. Ìjọba kọ́ ló fi síbẹ̀. Ti Ọlọ́run kì í pani lára." Mo bi í bóyá ìjọba ló ṣe oró ejò. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó na ike omi kan sí mi, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Mi ò gbà á.

Dókítà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ká ní mo dákẹ́, wọn ì bá ti dìbò gbà á, bóyá lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá wọn ì bá rántí àwọn ọmọ náà. Bóyá. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn méjèèjì ti bá ìjà tiwọn lọ, ẹ̀rọ kànga yẹn ṣì ń fa omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó wá nírọ̀lẹ́ àná, obìnrin ilé iṣẹ́ omi. Ó ka lẹ́tà tí mo fẹ́ pín láti ilé dé ilé lórí àpáta. Mo ti kọ "omi burúkú" síbẹ̀. Ó fa ìlà pa á. "Wọ́n á ní iwin ló wà níbẹ̀, mà. Wọ́n á gbàdúrà sí i, wọ́n á sì mu ún." Ó ní kí n kọ ìwọ̀n rẹ̀. Kí n kọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ ni kó má mu ún, kí wọ́n má sì fi se oúnjẹ fún un. Kí wọ́n máa lọ pọn ti ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ òkè fún un. Ó jìnnà. Kí n kọ ọ́ pé ó jìnnà.

Mo bi í pé kí ni yóò mú kí wọ́n gbà mí gbọ́, lẹ́yìn ohun tí wọ́n ti gbọ́ lórí ọkọ̀. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí tó wà lórí àpáta yẹn lónìí, ẹ ti nà wọ́n rí. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀."

Mo fi í bẹ̀rẹ̀. *Èmi ọ̀gá ilé ìwé tó nà yín, tó pè yín ní ọ̀bùn, mo ṣẹ̀ yín. Ẹ ń fọ eyín yín nígbà yẹn. Omi ni.* Lẹ́yìn náà, ìwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà ìsàlẹ̀ òkè. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́, ẹ̀dà kan fún ilé kan. Ìwé títẹ̀ ló kó wọn sí wàhálà yìí. Ìka mi ti wú. Inú ṣì ń bí mi, kò sì burú, òun ló gbé mi dé ìwòyí.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Mo fẹ́ débẹ̀ kí wọ́n tó pọnmi àárọ̀. Mo pa iná.