Oyin Màmá Cecilia Àbẹ̀kẹ́ Ògúntúndé àti ẹnu àwọn ọmọ Ìkòsí

Òkèhò, ní agboolé Akínbíyì, ni a ti bí olóògbé, Màmá Cecilia Àbẹ̀kẹ́ Ògúntúndé, ní ọdún 1937. Kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí ìyá wọn máa ń sọ ni pé àsìkò tí oyin ń kún afárá ni. Bàbá wọn, Pa Akínbíyì, ń dáko, ṣùgbọ́n oyin ni gbogbo ìlú fi mọ̀ wọ́n. Bí ìkómọ bá wà, ọ̀dọ̀ Bàbá ni àwọn ènìyàn ti ń ra oyin tí wọn yóò fi kan ọmọ tuntun lẹ́nu, kí ayé rẹ̀ lè dùn. Àbẹ̀kẹ́ ló máa ń gbé ìgò náà lọ. A ṣì ń rí ọmọbìnrin kékeré náà bí ẹni pé àná ni, ìgò oyin lórí, tí oyin méjì mẹ́ta ń fò yí orí rẹ̀ ká, tí kò sì gbọ́n wọn dànù. Ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ ni ọ̀nà náà nígbà yẹn. A gbọ́ pé wọ́n ti da ọ̀dà sí i báyìí.

Ẹni tí wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà, báwo ni yóò ṣe gbà pé ohun dídùn lè ṣe ọmọ ní ibi?

Màmá lọ sí ilé ìwé àwọn Àgùdà ní Òkèhò, wọ́n sì ka ìwé mẹ́rin kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá, tí oko fi di ti àwọn ọmọ. Ilé ìwé náà ni wọ́n ti gba orúkọ Cecilia. Wọ́n di ẹ̀sìn náà mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn.

Ní ọdún 1958, wọ́n fẹ́ Olóògbé Gbénró Ògúntúndé, ọmọ Òkèhò bákan náà. Tọkọtaya náà kó wá sí Èkó, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Ìkòsí nígbà tí igbó ṣì wà lẹ́yìn ilé. Bàbá Ògúntúndé ń ta irin àlòkù ní Owódé Onírin. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, méjì ló kù fún wọn tọ́. Bàbá papòdà ní ọdún 1991.

Lẹ́yìn ikú ọkọ wọn ni Màmá dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ nínú pálọ̀ ilé wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Mile 12 mọ̀ pé ìdájí ni ọkọ̀ tòmátò àti ata máa ń já ẹrù láti òkè Ọya. Ìyá tí kò bá sí níbẹ̀ lásìkò yẹn, ẹ̀gbin ọjà ni yóò kù fún un. Ta ni yóò sì gbé ọmọ kékeré sáàárín bárò àti apẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ Màmá ni àwọn ìyá ń gbé wọn sí. Ohun tó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu ni pé ilé náà máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ a sùn bí ẹni tí wọ́n fi orin rẹ̀ lẹ́kún.

Oyin ni. Wọ́n á di ṣúgà sínú aṣọ funfun, wọ́n á so ó rìbìtì bí orí ọmú, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú oyin, wọ́n á sì fi sí ọmọ lẹ́nu. Ọmọ á máa fà á mu títí oorun á fi gbé e lọ. Aṣọ náà á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ títí yóò fi jí. Kò sí ohun àṣírí nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ìyá Olóyin ni gbogbo àdúgbò ń pe Màmá. Bí Kabir, olórí àwọn alábàárù, bá rí wọn lọ́jà, á ké sí wọn: "Ìyá Olóyin! Ẹ fi díẹ̀ sí àwa náà lẹ́nu, ká lè rí oorun sùn lórí apẹ̀rẹ̀ yìí!" Màmá á ní, "Ẹnu tó ń bú mi lánàá náà ló fẹ́ lá oyin mi? Gbé ẹrù rẹ, jàre!" Bí ìkómọ bá sì wà ní Ìkòsí, ti Mùsùlùmí ni o, ti Kìrìsìtẹ́nì ni o, Màmá ni wọ́n ń pè kí wọ́n wá fi oyin kan ọmọ lẹ́nu.

Èyí tó kàn yìí, Màmá fúnra wọn ló pàṣẹ rẹ̀ kí wọ́n tó kú. Wọ́n ní bí a bá máa kọ ìtàn wọn tí a ó sì fo èyí, kí a má wulẹ̀ ka nǹkan kan lórí òkú àwọn. Ojú ń tì wá láti kọ ọ́. Ojú ti Màmá fúnra wọn ju tiwa lọ.

Ní ọdún 2003, Nọ́ọ̀sì Súmbọ̀, tí ń tọ́jú eyín ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Kétu, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri àwọn ilé tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọjà. Ó ní ìgbà tí ẹnu ọmọ bá ti wú tán ni àwọn ìyá ń gbé e wá, ó sì ń fẹ́ kí a máa yẹ eyín wò kí ó tó dun ọmọ. Òògùn kan wà tí wọ́n ń kùn mọ́ eyín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Màmá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n fún un ní àpótí jókòó.

Nọ́ọ̀sì gbé ètè ọmọ àkọ́kọ́ sókè. Eyín iwájú ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó gbé ti èkejì. Bákan náà. Ó wo yàrá náà yíká, ó ní, "Màmá, kí ni àwọn ọmọ yìí máa ń ní lẹ́nu bí wọ́n bá ń sùn?"

Ajarat aláta dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó wá gbé ọmọ rẹ̀, Labeebah. Màmá wo ojú Ajarat. Wọ́n ní, "Omi ni. Kí ni ǹ bá tún fi sí wọn lẹ́nu?"

Bí irọ́ náà ṣe jáde nìyẹn. Nígbà tí Nọ́ọ̀sì gbé òògùn rẹ̀ padà wá, Màmá kò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti ojú fèrèsé dáhùn pé àwọn ọmọ ń sùn. Ó tún wá. Àwọn ọmọ tún ń sùn. Màmá ń sọ fún ara wọn pé eyín ọmọdé ni, yóò ṣáà yọ, ọmọ yóò sì jù ú sórí òrùlé níbi tí alángbá kò ti ní rí i, bí gbogbo wa ṣe ṣe é. Ta ní í fọ ohun tí ó fẹ́ jù sórí òrùlé? Ìgbà kan wà tí wọ́n tilẹ̀ dáwọ́ ṣúgà náà dúró. Ẹkún àwọn ọmọ dé òpópónà, aládùúgbò sì ń béèrè bóyá wọ́n ń nà wọ́n ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Màmá ti tún aṣọ náà so.

Nígbà òjò ọdún 2004, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Labeebah wú. Gbogbo ènìyàn ní ṣegede ni. Ajarat po búlúù ìfọṣọ, ó fi kùn ún lẹ́rẹ̀kẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe fún ṣegede, ó sì gbé e wá fún Màmá tòun ti ojú búlúù náà. Màmá ti rí inú ẹnu ọmọ yìí. Wọ́n mọ eyín tó ń dùn ún. Síbẹ̀ wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n sì ń tún búlúù náà kùn bó ṣe ń ṣí kúrò. Nígbà tí ọmọ kò lè ya ẹnu mọ́, tí ara rẹ̀ gbóná bí iná, ni ìyá rẹ̀ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Àwọn dókítà la abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ọyún jáde, wọ́n sì yọ eyín mélòó kan. Wọ́n ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀fun rẹ̀ ì bá dí.

Nígbà tí ara ọmọ yá, Ajarat gbé abọ́ ọsàn kan wá dúpẹ́, ó kó ọsàn náà sílẹ̀ níwájú Màmá. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn ìyá tó wá gbé ọmọ.

"Mummy, ẹ ṣeun o. Àdúrà yín ló gba ọmọ yìí sílẹ̀."

"Dìde, Ajarat."

"Mi ò ní dìde, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́."

"Mo ní kí o dìde! Ta lò ń kúnlẹ̀ fún? Àdúrà mi kọ́ ló wà lẹ́nu ọmọ rẹ. Ṣúgà mi ni."

Ajarat bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ àgbà ni. Màmá wọlé, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà jáde, itọ́ ọmọ mìíràn ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n fi lé e lọ́wọ́. "Fi ahọ́n kàn án."

Ó fi ahọ́n kàn án. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ ní omi ni, Mummy. Ìṣojú mi lẹ sọ fún nọ́ọ̀sì."

"Irọ́ ni mo pa."

Kò bú wọn. Ì bá sàn kó bú wọn. Ó ṣa ọsàn rẹ̀ padà sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n sì lọ sí Mile 12. Wọ́n ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. "Bí ọmọ rẹ bá ti sùn lọ́dọ̀ mi rí, yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Èmi ni mo fi ṣúgà bà á jẹ́." Obìnrin kan ní, "Ìyá yìí, ṣé orí yín pé? Ta ni kì í fún ọmọ ní ṣúgà?" Òmíràn pòṣé, ó tutọ́ sílẹ̀. Kabir kígbe láti orí bárò rẹ̀ pé, "Ìyá Olóyin! Ẹ̀yin lẹ jẹ eyín àwọn ọmọ ọjà tán!" Gbogbo ìlà náà rẹ́rìn-ín. Màmá dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Kabir," wọ́n sì bọ́ sí ìsọ̀ tó kàn. Kò sí ẹnì kan nínú àwa ẹbí tó bá wọn jáde lọ́jọ́ náà. Charles, ọmọkùnrin wọn, tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣíwọ́, pé ìtìjú náà ti dé Owódé Onírin bá òun nídìí ọjà. Màmá bi í pé, "Eyín tìẹ ló jẹrà ni?"

Láti ọjà ni wọ́n gba ilé ìwòsàn Kétu lọ. Nọ́ọ̀sì Súmbọ̀ wò wọ́n lókè nílẹ̀. "Màmá, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ wa."

"Èmi náà ni mo wá ṣí i."

"Ó dára. Ṣùgbọ́n báwo ni àwọn ìyá yóò ṣe máa wá? Àwa ń ti ilé ìwòsàn kí ọjà wọn tó tú."

"Ta ló ní kí wọ́n wá? Ìwọ ni kí o máa bọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ti ń gbé ọmọ wọn."

Bó ṣe rí nìyẹn láti ọdún 2005. Nọ́ọ̀sì ń wá kun òògùn mọ́ eyín àwọn ọmọ nínú pálọ̀ Màmá, láìsí pé ìyá kankan fi ata rẹ̀ sílẹ̀. Lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ tó sùn, Màmá á fi aṣọ funfun tútù nu ẹnu àwọn tí kò tíì pé ọdún kan, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ti àwọn tó jù wọ́n lọ. Bí ọmọ bá sunkún, wọ́n á pọ̀n ọ́n títí yóò fi sùn. Ẹ̀yìn wọn kò nà dáadáa mọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn mìíràn tí ń tọ́jú ọmọ nítòsí ọjà ń ti ilẹ̀kùn mọ́ Nọ́ọ̀sì gẹ́gẹ́ bí Màmá ti ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló ń so aṣọ ṣúgà. Màmá á ṣíwájú rẹ̀ lọ kanlẹ̀kùn: "Má bẹ̀rù, ìyàwó mi. Èmi ni Ìyá Olóyin tí wọ́n sọ fún ọ. Tèmi burú ju tìrẹ lọ." Ilẹ̀kùn á sì ṣí. A kò mọ kọ́kọ́rọ́ mìíràn tí wọ́n ní. Nígbà tí ìjọ fẹ́ fi àwo ìdánilọ́lá ta wọ́n lọ́rẹ ní ọdún 2007, Màmá kò lọ gbà á. Láti ọjọ́ ọsàn náà, wọn kò sì fi oyin kan ọmọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ wọ́n tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, 2009, Ajarat bímọ. Ní òwúrọ̀ ìkómọ, Labeebah ló dé sẹ́nu ọ̀nà Màmá. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àpá kékeré wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, eyín iwájú tuntun sì kún ẹnu rẹ̀, ọ̀kan wọ́ díẹ̀. "Màmá, wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ mú oyin dání."

Màmá ní, "Ta ló rán ọ? Ṣé ìyá rẹ mọ ohun tó ń sọ?"

"Wọ́n ní kí ẹ mú aṣọ tútù náà dání pẹ̀lú."

Màmá mú oyin àti aṣọ tútù náà lọ síbi ìkómọ. Wọ́n fi oyin tíńtín kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n sì ṣàdúrà tí Bàbá wọn máa ń ṣe ní Òkèhò. Lẹ́yìn náà, lójú Àlùfáà àti gbogbo èrò, wọ́n fi aṣọ tútù nu oyin náà kúrò. Ajarat ní, "Ó tó, Mummy. Ó ti tọ́ ọ wò." Nígbà tí Màmá fẹ́ máa lọ, ó gbé abọ́ ọsàn kan lé wọn lọ́wọ́. Tọ́pẹ́, ọmọbìnrin wọn, sọ pé Màmá kò jẹ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Wọ́n kàn ń wò ó ni.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Wọ́n fi ọmọ méjì sáyé lọ, Charles àti Tọ́pẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àwa ẹbí Akínbíyì nílé àti lẹ́yìn odi, àti àwọn ọmọ Ìkòsí tí a kò lè dárúkọ tán. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé ọmọ wá síbi òkú yìí, ẹ má bínú pé omi àti ẹ̀pà ni a pín fún wọn. Àṣẹ olóògbé ni.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ olóyin, ẹ sinmi. Ẹ gbé ojú sókè bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn baba yín. Ohun dídùn tí wọ́n bá gbé fún yín lọ́hùn-ún, ẹ jẹ ẹ́ o, Màmá. Eyín kankan kì í jẹrà níbẹ̀.